Ẹni Tó Lóṣòó Sẹ́yìn Igi Mẹ́ta

Igi kan wà nínú eré kíríkẹ́ẹ̀tì tó kéré débi pé ọmọdé lè fi pamọ́ sínú àtẹ́lẹwọ́. Gígùn rẹ̀ kò pé sẹ̀ǹtímítà mọ́kànlá, 10.95 ni òfin eré náà kọ sílẹ̀. Méjì irú rẹ̀ ni wọ́n máa ń gbé lé orí igi mẹ́ta tí wọ́n rì mọ́lẹ̀. Wọn kì í so ó, wọn kì í kàn án níṣòó, ó kàn jókòó síbẹ̀ ni. Béèlì ni à ń pè é, orúkọ kan náà pẹ̀lú èyí tí ẹbí ń sáré lọ gbà ní àgọ́ ọlọ́pàá. Bí bọ́ọ̀lù bá ba igi, tí béèlì sì jábọ́, ẹni tó di báàtì mú ti jáde nìyẹn. Kó jábọ́ ni gbogbo iṣẹ́ rẹ̀.

Lọ́dún 1990, ọ̀kan nínú wọn kò jábọ́ sílẹ̀. Ó fò sẹ́yìn, ó sì bá ojú ọkùnrin kan tó lóṣòó sẹ́yìn igi fún ikọ̀ Middlesex nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Paul Downton ni orúkọ rẹ̀, ọmọ ọdún mẹ́tàlélọ́gbọ̀n ni nígbà náà. Nígbà tó fi di ọdún 1991, eré ti parí fún un. Ó bọ́ ìbọ̀wọ́ sílẹ̀, ó wọ kóòtù, ó sì lọ ṣiṣẹ́ láàárín àwọn tó ń ra ṣíà tí wọ́n ń tà á ní London.

Láti ọjọ́ tí mo ti gbọ́ ìtàn yìí ni kò ti kúrò lọ́kàn mi. Èmi náà ti lóṣòó sẹ́yìn igi mẹ́ta rí, nígbà tí mo wà ní yunifásítì. Èmi náà ti ka owó olówó jẹun, ní báńkì kan ní Èkó, fún ọ̀pọ̀ ọdún. Mi ò gbá bọ́ọ̀lù dé ibi tí Downton gbá a dé, kò tilẹ̀ sún mọ́ ọn. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá ti ṣe iṣẹ́ kan rí máa ń dá ẹni tó ṣe irú rẹ̀ mọ̀, bí àgbẹ̀ ṣe ń fi àtẹ́lẹwọ́ dá àgbẹ̀ mọ̀.

Kípà là ń pe ẹni tó ń ṣe iṣẹ́ náà. Bọ́ọ̀lù mẹ́fà ló wà nínú ófà kan. Nínú ìdíje Test, tó jẹ́ pé ọjọ́ márùn-ún ni wọ́n fi ń gbá a, ó kéré tán, 90 ófà ló yẹ kí wọ́n jù lóòjọ́. Ẹ ṣírò rẹ̀: bí ikọ̀ rẹ̀ bá jù ú láti àárọ̀ ṣúlẹ̀, ìgbà 540 ni kípà yóò lóṣòó, ìgbà 540 ni yóò dìde. Àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ tó dúró lọ́ọ̀ọ́kán lè wo ojú ọ̀run díẹ̀, wọ́n lè rántí ìyàwó tàbí gbèsè. Kípà ò láǹfààní yẹn. Bí ẹni tó ń ju bọ́ọ̀lù bá ti gbéra báyìí, kípà gbọ́dọ̀ gbà pé èyí ni yóò kan òun. Lọ́pọ̀ ìgbà, kì í kàn án. Oníbáàtì á gbá a lọ, ariwo á sọ níbòmíì, kípà á nà ró, á sì tún lóṣòó. Kò sẹ́ni tó ń pàtẹ́wọ́ fún ẹni tó múra de ohun tí kò dé.

Kóòṣì wa, àgbàlagbà tí ìka ọwọ́ rẹ̀ méjì ti wọ́ nítorí bọ́ọ̀lù, máa ń dúró lẹ́yìn mi bí a bá ń ṣe ìdánrawò. Á ní, “Kí lò ń wò?” Màá ní báàtì ni mò ń wò, sà. Á ní, “Má wo báàtì o. Bọ́ọ̀lù ni kó o máa wò. Tó o bá ti gbà lọ́kàn rẹ pé á gbá a, tó bá wá ṣì í, ọwọ́ rẹ á ti pẹ́.” Mo rò pé ọ̀rọ̀ eré lásán ló ń bá mi sọ.

Ilé kípà ni wọ́n bí Downton sí, ní agbègbè Kent, ní ọjọ́ kẹrin oṣù kẹrin ọdún 1957. Bàbá rẹ̀, George Downton, ti lóṣòó sẹ́yìn igi fún ikọ̀ Kent lọ́dún 1948. Kent fúnra rẹ̀, agbo ilé àwọn kípà ni: Les Ames, Godfrey Evans, Alan Knott, ibẹ̀ ni gbogbo wọn ti wá kí wọ́n tó di kípà ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Nígbà tí Downton dàgbà tó ẹni tí wọ́n lè pè, Knott ṣì wà lórí àlééfà, kò sì dà bí ẹni tó fẹ́ dìde. Àfi lọ́dún 1977 tí olówó ilẹ̀ Ọsirélíà kan, Kerry Packer, fi owó ńlá kó àwọn ìlúmọ̀ọ́ká eré náà jọ sí ìdíje tirẹ̀, tí Knott sì bá wọn lọ. Àyè ṣí. Ọmọdékùnrin náà gba ibẹ̀ wọlé. Kí ọdún yẹn tó parí, ọmọ ogún ọdún ni, ó ti bá ikọ̀ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì lọ sí Pakísítánì àti New Zealand gẹ́gẹ́ bí igbákejì Bob Taylor.

Ohun tó mú mi fẹ́ràn rẹ̀ nìyí. Ọmọ tó ti rí irú oyin bẹ́ẹ̀ lẹ́nu ní ogún ọdún, ọ̀pọ̀ wa ni ì bá jáwọ́ nínú ìwé. Downton kò jáwọ́. Ó kàwé òfin ní Yunifásítì Exeter, ó sì gboyè. Kò sí ẹni tó lè sọ fún un nígbà náà pé ọjọ́ kan ń bọ̀ tí igi kékeré yẹn yóò fò sí i lójú. Àwọn àgbà ní ẹni tó bá da omi síwájú ni yóò tẹ ilẹ̀ tútù. Mo ti gbọ́ òwe yẹn láti kékeré, ṣùgbọ́n ọdún pẹ́ kí n tó mọ ibi tó le sí: lọ́jọ́ tí èèyàn ń da omi yẹn, ilẹ̀ kì í gbóná. Ó máa ń dà bí ẹni tó ń fi omi ṣòfò.

Knott padà sílé. Kípà méjì kò lè lóṣòó sẹ́yìn igi kan, Downton sì kó ẹrù rẹ̀ lọ sí Middlesex lọ́dún 1980. Ọdún náà gan-an ni Middlesex gba ife àwọn agbègbè. Ilé tó dára fún irú ẹni bẹ́ẹ̀ ni. Mike Brearley ni balógun wọn, ọmọ Cambridge, ẹni tó padà di onímọ̀ ìwòsàn ọkàn. Phil Edmonds wà níbẹ̀, ọmọ Cambridge mìíràn, Lusaka ni wọ́n ti bí i, òun náà padà di oníṣòwò ńlá. Nínú ikọ̀ yẹn, ìwé kì í bá bọ́ọ̀lù jà.

Ibi tí ọ̀rọ̀ ti dun kípà ni mo ń bọ̀ yìí. Ní oṣù kẹfà ọdún 1981, ikọ̀ Ọsirélíà bá Gẹ̀ẹ́sì ta kàn-ń-gbọ̀n ní Trent Bridge, ní Nottingham. Eré tí rọ́ọ̀nù, ìyẹn àmì ayò, ti wọ́n bí omi ẹ̀ẹ̀rùn ni. Allan Border kò tíì rìn jìnnà tí bọ́ọ̀lù fi ha etí báàtì rẹ̀, tó lọ sọ́wọ́ Downton. Bó bá hán an, Border ti jáde nìyẹn. Ó kan ìbọ̀wọ́, ó sì já bọ́. Border dúró, ó gbá rọ́ọ̀nù 63 nínú 179 tí gbogbo ikọ̀ rẹ̀ rí, Ọsirélíà sì borí. Nígbà tí wọ́n pe orúkọ àwọn tí yóò gbá eré tó tẹ̀ lé e, Bob Taylor ni wọ́n pè sẹ́yìn igi. Ìdíje ọdún náà ló padà di ìtàn tí àwọn Gẹ̀ẹ́sì ṣì ń sọ fún ọmọ wọn, tí Ian Botham jí òkú eré dìde ní Headingley, tí Brearley, balógun Downton nílé, sì kó ikọ̀ náà débi ìṣẹ́gun. Downton kò sí níbẹ̀. Ọdún mẹ́ta ló kọjá kí wọ́n tó tún pè é.

Nígbà tí wọ́n pè é lọ́dún 1984, ìjà erin ni wọ́n pè é sí. Ikọ̀ West Indies na Gẹ̀ẹ́sì nínú eré márààrún, gbogbo rẹ̀ ló ṣojú rẹ̀ lẹ́yìn igi. Ó fara dà á. Ó bá wọn lọ sí Íńdíà nígbà tí ọdún náà ń parí lọ, ó gbá 74 ní Delhi níbi tí wọ́n ti borí, wọ́n sì gba ìdíje náà. Lọ́dún 1985, ó wà níbẹ̀ nígbà tí wọ́n borí Ọsirélíà. Lọ́dún 1987, ó wà ní pápá Eden Gardens ní Calcutta níbi àṣekágbá Ife Àgbáyé, níbi tí rọ́ọ̀nù méje péré ti dí wọn lọ́nà ife. Eré Test 30 ló gbá. Ó hán bọ́ọ̀lù 70, ó sì fi ọwọ́ ara rẹ̀ tú igi lé oníbáàtì márùn-ún jáde. Ẹ bi àwọn àgbà tó wo eré nígbà yẹn, wọn ò ní ka 75 náà fún yín. Ti Border ni wọ́n máa sọ. Ọjọ́ gbogbo ni ti kípà, ọjọ́ kan ṣoṣo ni ti àṣìṣe, ọjọ́ kan yẹn ni wọ́n sì ń kọ sílẹ̀.

Èmi náà ní Border tèmi. Inú báńkì ni mo ti rí i.

Kàṣíà ni mo kọ́kọ́ jẹ́. Ní báńkì, ewé owó 100 ló ń wà nínú ìdì kan. Lọ́jọ́ kan tí owó oṣù àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba ṣẹ̀ṣẹ̀ wọlé, èrò kún dé ẹnu ọ̀nà, mo na ìdì kan jáde lójú fèrèsé fún oníbàárà tó ní kí n san ₦50,000. Ìdì ẹlẹ́gbẹ̀rún ni mo nà án, dípò ti ẹlẹ́ẹ̀ẹ́dẹ́gbẹ̀ta. Mi ò mọ̀. Oníbàárà lọ. Nírọ̀lẹ́, tí a ti ilẹ̀kùn, tí a bẹ̀rẹ̀ sí í ṣírò, owó mi kò bá ìwé mu. A tún un kà. Mo kà á nígbà kẹta, ọwọ́ mi ti ń gbọ̀n. ₦50,000 ló dín. Díẹ̀díẹ̀ ni wọ́n yọ ọ́ nínú owó oṣù mi, oṣù tó gùn ni.

Ìyá àgbà kan ló jẹ́ olórí wa ní yàrá owó. Gbogbo wa ń pè é ní Màámi, ó sì ti lo ọdún tó pọ̀ nínú yàrá aláìní fèrèsé yẹn. Nígbà tí àwọn yòókù lọ tán, ó fà mí jókòó.

“Ọmọ mi, nígbà tó o ń nawọ́ ìdì yẹn, kí lò ń wò?”

“Èrò ni mò ń wò, mà. Wọ́n pọ̀.”

“Owó ni kó o máa wò.” Ó mú ìdì kan, ó fi àtàǹpàkò ṣí i bí ẹni ṣí ìwé àdúrà. “Ìwọ rò pé o mọ̀ ọ́n. O ti na ọgọ́rùn-ún irú rẹ̀ láti àárọ̀, kò sí wàhálà. Èyí tó máa jà ẹ́ kì í kọ orúkọ sára.”

Mo jókòó síbẹ̀, ohùn Kóòṣì sì ń dún létí mi. Èèyàn méjì tí wọn kò mọra wọn rí, ọ̀kan nínú oòrùn, ọ̀kan lábẹ́ gílóòbù, wọ́n bi mí ní ìbéèrè kan náà, wọ́n sì fún mi ní ìdáhùn kan náà. Láti ọjọ́ náà ni mo ti mọ̀ pé mi ò fi eré sílẹ̀ wá sí báńkì. Iṣẹ́ kan ṣoṣo ni mo ti ń ṣe bọ̀: kí n ṣọ́ ohun tí ó ṣeé ṣe kó máà ṣẹlẹ̀.

Kì í tilẹ̀ ṣe òní ni pápá kíríkẹ́ẹ̀tì àti ilé owó ti jọ ń gbé. Lọ́dún 1744, tí wọ́n kọ òfin eré náà sílẹ̀, Artillery Ground ní Finsbury, létí ibi tí àwọn oníṣòwò London pọ̀ sí, ni Kent ti fi wíkẹ́ẹ̀tì (oníbáàtì tó ṣì kù láti lé jáde) kan ṣoṣo borí àpapọ̀ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Owó tẹ́tẹ́ àwọn ọlọ́lá wà lára ohun tó mú kí òfin pọn dandan. Nígbà tí Downton ń gbá a, ọ̀kan nínú àwọn ife tí Middlesex ń lé, báńkì NatWest ló fún un lórúkọ. Iléeṣẹ́ adójútòfò Cornhill ló ń náwó sí ìdíje Test. Bẹ́ẹ̀ náà ló rí ní Èkó wa. Pápá kíríkẹ́ẹ̀tì tó wà ní Tafawa Balewa Square, níbi tí àwọn àgbà ṣì ń pè ní Rés Kọ́ọ̀sì, kò jìnnà sí Marina àti Broad Street tí báńkì tò sí. Ẹsẹ̀ lásán la fi ń lọ. Ọdún 1904 ni ikọ̀ Èkó àti ti Gold Coast ti kọ́kọ́ pàdé lórí eré yìí. Ní ìrọ̀lẹ́ Jímọ̀, bí iṣẹ́ bá tètè tán, èmi a tú táì, màá rìn lọ síbẹ̀ lọ wo àwọn ọmọ tó ń ṣe ìdánrawò, bàtà báńkì lẹ́sẹ̀ mi.

Láyé àtijọ́, ọ̀nà láti yunifásítì sí pápá, láti pápá sí ilé ìṣúná, ọ̀nà àwọn ọmọ olówó ni. Gubby Allen ni mo máa ń fi ṣe àpẹẹrẹ. Sydney ni wọ́n bí i sí, Cambridge ló ti kàwé, òun náà gbá fún Middlesex. Ní ọjọ́ kan lọ́dún 1929, iṣẹ́ dá a dúró láàárọ̀, ó pẹ́ dé pápá Lord's, àwọn mìíràn ti bá a jù ú. Ó gba bọ́ọ̀lù, ó sì lé gbogbo oníbáàtì Lancashire mẹ́wẹ̀ẹ̀wá jáde. Rọ́ọ̀nù 40 péré ni wọ́n rí lọ́wọ́ rẹ̀. Kò pẹ́ lẹ́yìn náà tó di alágbàtà ṣíà. Nígbà tí Gẹ̀ẹ́sì lọ sí Ọsirélíà ní 1932 sí 1933, balógun wọn, Douglas Jardine, pàṣẹ pé kí wọ́n máa ju bọ́ọ̀lù kọ lu ara oníbáàtì. Allen ní òun ò ní í ṣe é. Harold Larwood, tó ti ṣiṣẹ́ nínú kòtò èédú ní agbègbè Nottinghamshire kí eré tó gbé e jáde, ṣe ohun tí ọ̀gá ní kó ṣe. Nígbà tí ariwo sọ, Larwood ni wọ́n ní kó kọ̀wé tọrọ àforíjì. Ó kọ̀, kò sì gbá fún ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì mọ́ títí ayé. Allen di balógun, ó di alákòóso, àgọ́ ìwòran kan ní Lord's sì ń jẹ́ orúkọ rẹ̀.

Ìwà Allen dára, mi ò bù ú kù. Ṣùgbọ́n mo ti ronú lórí àwọn méjèèjì yìí títí. Ẹni tí oúnjẹ ọ̀la rẹ̀ kò sí lọ́wọ́ balógun lè wo ojú balógun kó ní rárá. Larwood ò ní irú ẹnu bẹ́ẹ̀. Nítorí náà, ìwé tí ọmọ kà mọ́ bọ́ọ̀lù kì í ṣe àgbá omi tí a gbé síbi tí iná lè ti jó nìkan. Ohùn ni. Òun ló ń jẹ́ kí èèyàn lè yàn. Lọ́dún 1962 ni wọ́n fòpin sí ìyàtọ̀ tó wà láàárín ẹni tó ń gbá a fún ìgbádùn àti ẹni tó ń gbá a fún oúnjẹ, gbogbo wọn sì di agbábọ́ọ̀lù kan náà. Lábẹ́ òfin tuntun yẹn ni Downton dàgbà: eré lè bọ́ ẹ, ṣùgbọ́n kò ní í bọ́ ẹ títí ọjọ́ ogbó.

Béèlì wá fò. Ẹ̀yin tí ẹ ń rò pé irú ìyẹn kì í ṣẹlẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì, ní oṣù keje ọdún 2012, ní Taunton, béèlì mìíràn bá ojú Mark Boucher, kípà South Africa. Eré Test 147 ló ti gbá, ènìyàn 999 ló ti lé jáde nínú eré àgbáyé, ẹyọ kan ló kù kó pé ẹgbẹ̀rún. Kò rí i mọ́. Lónìí, kípà tó bá sún mọ́ igi ń dé akoto, òfin ọdún 2017 sì ti gba kí wọ́n fi okùn so béèlì kó má baà fò jìnnà. Ojú àwọn kan ni wọ́n fi ra òfin yẹn.

Ojú Downton kò lè tẹ̀ lé bọ́ọ̀lù bíi ti tẹ́lẹ̀ mọ́, ṣùgbọ́n ó ṣì lè tẹ̀ lé ìlà lórí ìwé. Iléeṣẹ́ Cazenove, alágbàtà ṣíà tó ti wà ní London láti ọdún 1823, ló lọ. Ayé àwọn oníṣíà ṣẹ̀ṣẹ̀ yí padà nígbà náà ni: láti oṣù kẹwàá 1986 ni wọ́n ti tú òfin àtijọ́ ká, tí àwọn tó ń pariwo owó fún ara wọn ní gbọ̀ngàn sì kó lọ sídìí kọ̀ǹpútà àti tẹlifóònù. Iṣẹ́ tó fẹ́ ẹni tó lè jókòó láti àárọ̀ ṣúlẹ̀, kó máa wo nọ́ńbà tí kò ṣe nǹkan kan, kó má sì sùn lọ lọ́jọ́ tí ọ̀kan bá mira. Èmi ò gbà pé àjèjì ni kípà níbẹ̀. Ohun tó ju ogún ọdún ló fi wà láyé yẹn.

Ìtàn ì bá dùn ká fi síbẹ̀, ṣùgbọ́n òótọ́ kì í fi síbẹ̀. Ní oṣù kejì ọdún 2014, ó padà wá jẹ́ ọ̀gá àgbà tó ń darí ikọ̀ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Ọsirélíà ṣẹ̀ṣẹ̀ nà wọ́n 5–0. Àsìkò rẹ̀ ni wọ́n lé Kevin Pietersen kúrò nínú ikọ̀, ọ̀rọ̀ náà sì da ìlú rú fún oṣù púpọ̀. Ní oṣù kẹta ọdún 2015, Bangladesh fi rọ́ọ̀nù 15 lé wọn kúrò níbi Ife Àgbáyé ní Adelaide. Oṣù tó tẹ̀ lé e, wọ́n ní kí Downton máa lọ ilé. Ọwọ́ tó mọ iṣẹ́ níbi méjì lè já bọ́ọ̀lù níbi kẹta. Ó dùn mí nígbà tí mo kà á, bí ẹni pé ẹ̀gbọ́n mi ni. Àmọ́ lọ́dún 2018, ó gba iṣẹ́ adarí eré ní Kent, ilé bàbá rẹ̀, ilé tí Knott kò ti fi àyè sílẹ̀ fún un. Lọ́dún 2021 Kent gba ife eré kúkúrú tí à ń pè ní T20, lọ́dún 2022 wọ́n gba ife eré ọlọ́jọ́ kan. Ẹni tó ti já bọ́ọ̀lù Border kúkú mọ ohun tó yẹ kó ṣe: kó tún lóṣòó.

Ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 2025, àwọn ọmọbìnrin wa tí wọn kò tíì pé ọmọ ogún ọdún fi rọ́ọ̀nù méjì borí New Zealand níbi Ife Àgbáyé ní Malaysia. Mo sunkún. Ọ̀sẹ̀ mélòó kan lẹ́yìn náà, mo wà ní Rés Kọ́ọ̀sì nírọ̀lẹ́, ọmọbìnrin kan sì wá bá mi lẹ́yìn ìdánrawò, ìbọ̀wọ́ ṣì wà lábẹ́ apá rẹ̀. Kípà ni. Ó ń kọ́ ìmọ̀ ìṣirò owó ní yunifásítì.

“Ẹ kúùrọ̀lẹ́, sà. Wọ́n ní ẹ ti ṣe kípà rí. Àwọn ará ilé ní kí n yan ọ̀kan, kóòṣì náà ní kí n yan ọ̀kan.”

Mo sọ ìtàn Downton fún un, mi ò yọ ibi tó korò kúrò. Ó fetí sílẹ̀. Nígbà tí mo dé ibi 540, ó dá mi dúró.

“Sà, mélòó nínú ẹ̀ ló ń kan kípà gan-an?”

“Kò pọ̀.”

“Kí ló wá dé tá a fi ń lóṣòó sí gbogbo ẹ̀?”

Mo fẹ́ dáhùn, ó ti dá ara rẹ̀ lóhùn. Ó ní òun ti forúkọ sílẹ̀ fún ìdánwò ICAN, ti àwọn oníṣirò owó, tó ń bọ̀, kóòṣì ò tíì mọ̀. Àárọ̀ kùtù lòun fi ń kàwé kóun tó wá sí pápá, àwọn ará ilé náà ò mọ̀.

Mo ní kó lọ sọ fún wọn. Kó sọ fún kóòṣì pé òun ń kàwé, kó sọ fún bàbá àti ìyá rẹ̀ pé òun ò jáwọ́ nínú bọ́ọ̀lù. Ẹ̀yin òbí tí ẹ bá ń ka èyí, bí ọmọ bá fi ẹnu ara rẹ̀ sọ ọ́ fún yín, ẹ má ní kó yan ọ̀kan. Kò tíì sẹ́ni nínú wa tó mọ èyí tó máa kan án.